Fíúsì Ńlá Kì Í Wo Wáyà Tó Ti Dípẹtà Sàn

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ti ọjà, ó sì tún jẹ́ ti ìlera. Ó dá lórí wáyà iná inú ọkọ̀ àtijọ́, pàápàá àwọn bâchée Peugeot 404 àti 504 tó ń kó àgbàdo, gàrí, tòmátì àti èèyàn wá sí ọjà wa.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo bí inú bâchée kan ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ọjà. Àpò àgbàdo wà nísàlẹ̀, àwọn ìyá jókòó lé e lórí, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn kan nínú wọn, kẹ́ẹ̀gì kpayo wà ní igun kan. Bí wáyà bá gbóná lábẹ́ gbogbo ìyẹn, kò sí ẹni tó máa rí i títí èéfín á fi yọ. Bí iná iwájú bá sì kú lójijì lóru, lójú ọ̀nà tí títíréélà ń gbà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ mẹkáníkì nìkan ni. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Kí ló ń ṣe wáyà náà?

Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1975, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Ẹ fúnra yín ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ẹ́ńjìnnì wọn, a ti tú u, a ti tún un tò, lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà wọn ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, òmíràn ni a kàn ń so mọ́ ọn.

Inú wáyà ọkọ̀, bàbà tín-ín-rín púpọ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí òwú. Rọ́bà ni awọ rẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì àti ọyẹ́ máa ń mú kí awọ yẹn gan, kó sì là. Tí òjò bá dé, omi á gba ojú ibi tó là wọlé. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa á di omi náà mú, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Ní apá Àjàṣẹ́ àti Kútọnú, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun á bá a dá sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ásíìdì náà ń ṣe tirẹ̀. Bàbà tó ń dán tẹ́lẹ̀ á wá di dúdú, tàbí kí nǹkan aláwọ̀ ewé bò ó. Ìpẹtà bàbà nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Wáyà tó dípẹtà kì í sábà dá iná dúró pátápátá. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà ọjà tí wọ́n fi àpò dí ìdajì rẹ̀. Èèyàn ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún ara wọn, ooru sì ń mú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ṣe ń fún ara rẹ̀ kọjá níbi tó dípẹtà, ó sì ń di ooru.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Gílóòbù iná iwájú kan tó jẹ́ watt 55, lórí bátìrì volt 12, ń gba nǹkan bí ampere 4.6. Ká ní ojú ibì kan wà tó ti dípẹtà, tí volt 2 ń sọnù síbẹ̀, tí ohun tó ń kọjá sì ti wálẹ̀ di ampere 4. Ìlọ́po 2 àti 4 jẹ́ 8. Watt 8 ni ibẹ̀ ń sọ di ooru, lójú ibi tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Bó ti ń pẹ́ tó, ooru yẹn lè yọ́ rọ́bà.

Ẹ wá wo fíúsì, ìyẹn ohun tí Faransé ń pè ní fusible. Bó bá jẹ́ ti ampere 10, ṣé ampere 4 á já a? Rárá. Fíúsì kò rí nǹkan kan. Ó ń wo iye iná tó ń kọjá, kò mọ̀ pé ibì kan ń gbóná níwájú. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi fíúsì wo wáyà tó dípẹtà sàn, yálà fíúsì kékeré tàbí ńlá.

Àmì tí ẹ ó rí

Ìkíní, iná iwájú ń rẹ̀wẹ̀sì, ó ń pọ́n bí iná àtùpà. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Títí di 1993, òfin ilẹ̀ Faransé ni pé kí iná iwájú ọkọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò. Torí náà, yẹ́lò nìkan kì í ṣe àmì àìsàn. Yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ kedere dára. Èyí tó ṣókùnkùn, tó ń pọ́n, ni ká fura sí.

Ìkejì, ẹ tẹ bíréèkì, iná tí ẹ fi ń yà ni ó ń tàn. Tàbí ẹ tan iná ìyà, gbogbo iná ẹ̀yìn ń bá a ṣẹ́jú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gílóòbù ló bàjẹ́. Ojú ibi tí wáyà ti kan irin ara ọkọ̀ ló ti dípẹtà. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníkì wa ń pè ní masse. Iná tí kò rí ọ̀nà rẹ̀ gbà padà sílé á yà gba inú gílóòbù mìíràn.

Ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ń fà tìkọ̀ tìkọ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ ṣíná sí i, bẹ́ẹ̀ bátìrì kò tíì pẹ́.

Ìkẹrin, òórùn rọ́bà jíjó, tàbí fíúsì tó gbóná tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Èyí kò ní í dúró dọ̀la. Ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí èèyàn sọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta kpayo, kí ẹ sì gbé gbogbo kẹ́ẹ̀gì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má mu sìgá, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí mu ún. Bátìrì tó ń gba iná máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè bú gbàmù tí iná bá ta sí i. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà bátìrì. Èwo la ó kọ́kọ́ yọ? Nínú àwọn Peugeot wọ̀nyí, ti ìyọkúrò, èyí tó ní àmì −, ni a máa ń kọ́kọ́ yọ, òun náà ni a máa ń dá padà kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé òun ló lọ sára irin ọkọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mú ti àmì +, tí ìdè ọwọ́ yín wá kan ara ọkọ̀, iná á ta pàrà lójú yín. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sórí: ìyọkúrò ni àkọ́yọ, ìyọkúrò ni àdápadà kẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà, ní ẹsẹẹsẹ

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bo orí rẹ̀, ẹ po bicarbonate díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Á máa hó. Ásíìdì ló ń pa nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú bátìrì. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà fá a títí á fi dán. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é pinpin ni ẹ ó tó fi gíríìsì pa á lára.

2. Ẹ lọ síbi masse. Ẹ wá wáyà ńlá tó ti ara bátìrì lọ sára ọkọ̀, àti èyí tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sára ọkọ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn iná iwájú àti iná ẹ̀yìn. Ẹ tú bọ́ọ̀tì wọn, ẹ fá irin méjèèjì títí wọn á fi funfun, ẹ dè wọ́n padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ ibi yìí nìkan á tó láti tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, láìra nǹkan kan.

3. Ẹ wọn ọ́n, kí ẹ má ro ó. Ẹ dá wáyà bátìrì padà, kí ẹ mú mítà tí a fi ń wọn volt. Ẹ tan iná iwájú ná. Èyí ṣe pàtàkì gidi: bí iná bá wà ní pípa, wáyà tó ku òwú bàbà kan ṣoṣo ṣì lè fi volt 12 hàn yín, ẹ ó sì rò pé ó dára. Ìgbà tí ẹrù bá wà lórí ni a máa ń mọ ẹsẹ̀ tó rọ. Nígbà tí iná bá ti tàn, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì níbi àmì −, kí ẹ fi ìkejì síbi masse gílóòbù. Bó bá ju volt 0.2 lọ, masse yẹn kò dára. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà láti àmì + bátìrì dé ibi tí iná ti ń wọ gílóòbù. Bó bá ju volt 0.5 lọ, ìpẹtà wà lójú ọ̀nà. Ẹ máa sún mítà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà wáyà náà. Ibi tí òǹkà ti fò sókè lójijì, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

4. Ẹ tún yọ bátìrì, kí ẹ gé ibẹ̀. Ẹ ká awọ wáyà, ẹ wo bàbà. Bó bá dúdú, ẹ gé e sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ máa gé e títí ẹ ó fi bá bàbà tó pọ́n dán pàdé. Omi máa ń rìn lábẹ́ awọ bí ikán ṣe ń rìn nínú igi. Ibi tí ẹ rí níta lè máà jẹ́ òpin rẹ̀. Bí dúdú náà bá jìn ju gígùn ọwọ́ kan lọ, ẹ pààrọ̀ wáyà yẹn láti orí dé orí.

5. Ẹ so ó dáadáa. Lílọ́ wáyà méjì pọ̀ kí a wé scotch mọ́ ọn, iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún. Omi á wọ abẹ́ scotch yẹn, kò sì ní í jáde mọ́. Ẹ lo kọ́sì, ìyẹn irin kékeré tí a ń ki ẹnu wáyà bọ̀, kí ẹ fi páńsì tirẹ̀ fún un pa. Ẹ fà á wò. Bó bá yọ, kò tíì mú. Ẹni tó mọ òjé yọ́ lè so ó pọ̀ dáadáa kó tó fi òjé sí i. Lẹ́yìn náà, rọ́bà tí ooru máa ń fún mọ́ wáyà á bò ó. Ẹ rántí o, kí ẹ tó so wáyà ni ẹ ó ti ki rọ́bà yẹn sí i. Bí ẹ bá so tán kí ẹ tó rántí, ẹ ó tún un gé ni.

6. Ẹ dáàbò bo ọ̀nà rẹ̀. Ibi gbogbo tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Ẹ so ó mọ́ ara ọkọ̀ kó má máa jà. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ibi tí èéfín ń gbà.

Ẹ ṣe wáyà kan tán kí ẹ tó mú òmíràn. Ẹni tó bá gé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọ̀sán á pọ́n ọn, kò ní í mọ èyí tó jẹ́ ti fèrè mọ́. Pépà kékeré tí ẹ kọ orúkọ sí, tí ẹ so mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, á gbà yín.

Ọ̀rọ̀ fíúsì

Ohun tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi nìyí: fíúsì já, wọ́n fi òmíràn sí i, ó tún já. Wọ́n wá wé bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n fi ìṣó sí ibẹ̀. Kò já mọ́, inú wọn sì dùn. Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

Fíúsì tó ń já, ó ń sọ nǹkan fún yín ni. Ó lè jẹ́ pé awọ wáyà ti là, bàbà ń kan irin ara ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ibi tí fíúsì jókòó sí gan-an ti dípẹtà, ó ń gbóná, ó ń yọ́ fíúsì. Ní ọ̀nà méjèèjì, bí ẹ bá fi ìṣó síbẹ̀, ohun tó yẹ kó já kò ní í já mọ́. Wáyà ni á di fíúsì. Wáyà yẹn sì gba abẹ́ ìjókòó kọjá.

Ìwọ̀n tó tọ́ kò le. Gílóòbù watt 55 méjì jẹ́ watt 110. Ẹ fi 12 pín in, ó ju ampere 9 lọ díẹ̀. Fíúsì ampere 15 tó fún un, lórí wáyà bàbà tó sanra tó mm² 1.5 ó kéré tán. Wáyà ni fíúsì wà fún, kì í ṣe gílóòbù. Wáyà tó tín-ín-rín gbọ́dọ̀ ní fíúsì kékeré. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí kò ní fíúsì púpọ̀ bí ti òde òní, torí náà bí ẹ bá ń fi nǹkan tuntun kún un, bíi rédíò tàbí ohun tó ń gba iná sí fóònù, ẹ fi fíúsì tirẹ̀ sí i nítòsí bátìrì.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Wáyà tí wọ́n ń tà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni bàbà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú wà lórí àtẹ, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́. Ẹ ní kí òǹtajà gé díẹ̀ fún yín. Ẹ fi ọ̀bẹ ha òwú rẹ̀ kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà gidi; ó tètè ń ṣẹ́, ìpẹtà sì tètè ń mú un. Wáyà ilé tó ní irin kan ṣoṣo tó le nínú, ẹ má fi sínú ọkọ̀. Ilé kì í gbọ̀n, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Irin yẹn á ṣẹ́.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ fún ẹni tó ń ṣe iná, ẹ ní kó fi wáyà tó gé kúrò hàn yín. Ẹni tó wá ojú àìsàn rí á ní nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ láti fi hàn. Kí ẹ sì mọ̀ pé àkókò tó fi wá a ni ẹ ń san owó rẹ̀ jù. Kọ́sì àti rọ́bà kò wọ́n. Ẹ má bínú sí ẹni tó lo ọjọ́ kan lórí ohun tí ẹ rò pé gílóòbù ni.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, kí ẹ tó gun bâchée láàárọ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, ẹ bá wa tan iná ká wò ó.” Iwájú, ẹ̀yìn, bíréèkì, ìyà. Ìṣẹ́jú méjì ni. Kẹ́ẹ̀gì kpayo kò gbọ́dọ̀ bá èèyàn jókòó, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ẹ kò mọ bí wáyà rẹ̀ ṣe rí.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí èéfín bá yọ, ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ pa á, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ẹrù. Ẹrù ṣe é rà padà. Bí iná bá ti ràn mọ́ epo, ẹ má da omi sí i. Omi á gbé epo náà kiri. Iyẹ̀pẹ̀ tàbí ohun èlò tí a fi ń pa iná ni kí ẹ lò, bó bá jẹ́ kékeré. Bó bá ti ńlá, ẹ jìnnà sí i.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ tètè bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ásíìdì bátìrì bá ta sí ojú, ẹ máa fi omi púpọ̀ ṣan ojú náà fún ogún ìṣẹ́jú, láìdúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ti rọlẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ dá wa lóhùn, kí ẹ sì lọ dánwò pẹ̀lú ọ̀gá yín. Ìkíní: wáyà bátìrì wo la ń kọ́kọ́ yọ, kí sì nìdí? Ìkejì: kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ tan iná kí a tó wọn volt? Ìkẹta: bí ẹ bá ká awọ wáyà tí ẹ rí dúdú, níbo ni ẹ ó gé e dé?

Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ká wá ibi tí bàbà ti kú, ká gé e dé ibi tó wà láàyè, ká bò ó kí omi má rí i mọ́, kí fíúsì tó tọ́ máa ṣọ́ ọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí òjò ọdún yìí tó dé, ẹ wo wáyà ọkọ̀ yín. Ọ̀nà á là fún yín, ẹrù yín á dé ọjà láyọ̀, ẹ̀yin náà á sì padà délé.